Ṣé Ìkòròdú le tó bí wọ́n ṣe ń wí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi rí ilé yàrá mẹ́ta kan ní ọ̀nà Gbẹrigbẹ ní Ìkòròdú. Ó fẹ́ ká kó kúrò ní Ìbàdàn kí oṣù Kẹsàn-án tó dé nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní àfi tí òun bá kú, pé ibẹ̀ ni àwọn Badoo ti ń fi ọmọ ọlọ fọ́ ènìyàn lórí. Àbúrò mi tó ń gbé ní Àgric, ní Ìkòròdú níbẹ̀, ní ìlú ti rọ̀, kò sí nǹkan kan. Mo sì ka á níbì kan pé Èkó ni ìwà ọ̀daràn pọ̀ sí jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ méjì ni mo ní, àgbà inú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ìyá yín kò purọ́. Àbúrò yín náà kò purọ́. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ ni. Ìyá yín ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù, àbúrò yín ń sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Èmi tí mò ń gbé Ìtàmágà ní Ìkòròdú kan náà, tí iṣẹ́ mi sì jẹ́ kí n máa bi àwọn ará àdúgbò léèrè nípa ààbò, mo ti rí i pé ẹ̀rù àti ewu kì í sábà gbé ilé kan náà. Ẹ̀rù lè kún ibi tí olè kò dé rí, olè sì lè máa ṣe fàájì níbi tí àyà ẹnikẹ́ni kò ti já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpàdé kan fún yín. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, lójúde ilé alága àdúgbò kan lẹ́yìn Odógunyàn. Wọ́n to àga oníke sábẹ́ kánópì, akọ̀wé ka ìwé ìpàdé tó kọjá, wọ́n bá ara wọn fà á díẹ̀ lórí owó ọdẹ tí àwọn kan kò san láti oṣù Kejì, kí wọ́n tó ní kí n bi ìbéèrè tí mo bá wá. Mo ní, "Láàárín ọdún kan sí àsìkò yìí, ta ni wọ́n jà lólè, tàbí tí wọ́n ṣe léṣe?" Nínú bí ọgbọ̀n ènìyàn, ọwọ́ mẹ́ta ló nà sókè. Ọ̀kan nínú wọn, fóònù ni wọ́n já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mile 12, kì í tilẹ̀ ṣe ní Ìkòròdú. Mo tún ní, "Ta ni àyà rẹ̀ máa ń já tó bá ń rìn láti ìkóríta wọlé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́?" Ọwọ́ tó kù nílẹ̀ kò pọ̀. Alága pàápàá na tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajá ńlá méjì ló wà nínú ọgbà rẹ̀ tí wọ́n ń gbó wa bí a ṣe jókòó.

Ìbéèrè kejì yẹn kì í ṣe tèmi o. Láti 1982 ni wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bi àwọn ènìyàn pé báwo ni ọkàn wọn ṣe máa ń balẹ̀ sí tí wọ́n bá ń dá rìn ládùúgbò lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, CLEEN Foundation, àjọ aládàáni kan tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ààbò, ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ohun kan kì í yéé jáde nínú irú ìwádìí yìí: àwọn obìnrin àti àwọn àgbàlagbà ló máa ń sọ jù pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni ìwà ipá ìta gbangba ń bá jù. Ẹ wo Ìkòròdú. Bi ọmọkùnrin ọmọ ogún ọdún tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, á ní, "Ẹ̀rù kẹ̀?" Òun gan-an sì ni ìjà àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn Ẹyẹ àti Ayé ń wá kiri. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ keje oṣù Keje, ọjọ́ ayẹyẹ ẹgbẹ́ Ayé, pé, ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jáde.

Ẹ má torí ìyẹn rò pé mò ń sọ pé àwọn obìnrin ń bẹ̀rù lásán. Ohun tí obìnrin ń rò tó bá ń rìn nínú òkùnkùn ju fóònù lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú obìnrin ń rí kì í sì í dé ìwé ọlọ́pàá kankan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí nọ́ńbà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ "Èkó ló pọ̀ jù" ti wá. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò nǹkan, ló gbé e jáde fún 2017: ẹjọ́ 134,663 ni àwọn ènìyàn fi sùn káàkiri Nàìjíríà, 50,975 nínú rẹ̀ wá láti Èkó. Abíà ló ṣe ìkejì, 12,408 ló ní. Ẹni tó bá ka ìyẹn tán láìmí, ó máa tú ẹrù rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 180, ṣé ẹjọ́ 134,663 ni gbogbo olè, gbogbo jìbìtì, gbogbo ìjà ìgboro fún odindi ọdún kan? Ohun tí nọ́ńbà yẹn kà ni iye ìgbà tí ẹnì kan rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àgọ́ pọ̀ ní Èkó, ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n jí pọ́ọ̀sì rẹ̀ ti nílò ìwé ọlọ́pàá kí báǹkì tó dá a lóhùn. Níbòmíràn, baálẹ̀ ló ń parí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ igi. Ju ìdajì ẹjọ́ ọdún náà lọ, 68,579, ọ̀rọ̀ dúkìá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún wo orí tí wọ́n máa pín in sí. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 9,113,605 ló wà ní Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka tirẹ̀, ó ní ó lé ní mílíọ̀nù 17.5. Mo mọ̀ pé iye méjèèjì ti gbó kí 2017 tó dé, àmọ́ ẹ fi ṣe ìṣirò: tí ẹ bá pín ẹjọ́ 50,975 sí ti àkọ́kọ́, nǹkan bíi 559 ló máa kan ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, tí ẹ bá pín in sí ti èkejì, ó di 290. Ìlú kan náà, olè kan náà, ewu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì nítorí pé àwọn tó ń ka orí kò gbọ́ ara wọn yé. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó dárúkọ Gbẹrigbẹ.

Ọ̀rọ̀ Badoo wá ńkọ́? Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti àárín 2016 títí wọ 2017, àwọn kan ń wọlé tọ ènìyàn lọ lóru ní Ìbẹ̀ṣè, ní Odógunyàn, títí dé Ògìjó tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ tàbí òkúta fọ́ wọn lórí lójú oorun. Wọ́n pa bàbá, wọ́n pa ìyá, wọ́n pa ọmọ. Wọn kì í gbé tẹlifíṣọ̀n, wọn kì í béèrè owó. Áńkáṣíìfù funfun tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù wọn yàtọ̀ sí ẹ̀rù adigunjalè. Adigunjalè, ẹ mọ ohun tó wá gbà, ẹ lè kó o fún un, kó máa lọ. Eléyìí, kò sí ohun tí ẹ ní nílé tí ẹ lè fi bẹ̀ ẹ́.

Mo rántí ìyá kan ní Ìbẹ̀ṣè nígbà yẹn. Lálaalẹ́, tó bá ti fọ abọ́ tán, á gbé ọmọ ọlọ rẹ̀ wọ yàrá, á fi àlòkù ìró wé e bí ìgbà tí wọ́n wé ọmọ tuntun, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Tí wọ́n bá máa wá, kí wọ́n gbé tiwọn wá. Kì í ṣe èyí tí mo fi ń lọ ata ni wọ́n máa fi pa mí." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ fèrèsé ni ojú rẹ̀ wà títí tó fi sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n ti ń ṣọṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ààrin ìlú, kì í ṣe ẹ̀bá ààfin Ayangbùrẹ̀n tàbí Sábó tí ilé ti fún pọ̀. Àwọn ilé tuntun etí igbó ni, èyí tí onílé kó wọ̀ kó tó parí rẹ̀: kò sí ọgbà, kò sí irin lójú fèrèsé, kò sí sílíìnì, aládùúgbò tó sún mọ́ jù wà níbi tí ariwo kò lè dé. Ohun tó yẹ kí ẹ gbé lọ sí Gbẹrigbẹ nínú ìtàn náà nìyẹn, kì í ṣe orúkọ Badoo.

Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin kò sùn mọ́. Táyà ń jó ní gbogbo ìkóríta, àdá àti igi wà lọ́wọ́, àlejò tó bá kọjá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje 2017, ọ̀dọ́mọkùnrin apanilẹ́rìn-ín kan tó ń bọ̀ láti òde eré kó sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Badoo ni, wọ́n pa á. Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Tí ẹ bá ń ka òkú ọdún náà, ẹ ka àwọn tí ẹ̀rù pa mọ́ ọn. Ìparí 2017 wọ 2018 ni ọlọ́pàá kó àwọn afurasí, wọ́n sì ti ojúbọ kan pa ní Ìmọ̀sàn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ìpakúpa yẹn rọlẹ̀. Orúkọ náà kò rọlẹ̀. Títí di òní, tí wọ́n bá bá òkú kan nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó pa á ni wọ́n ti ń pe Badoo.

Gbogbo rẹ̀ tún wá papọ̀ lásìkò kan náà ni, èyí ló jẹ́ kí orúkọ Ìkòròdú bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù Kejì 2016, wọ́n jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní iléèwé bọ́ọ̀dìn kan níbí, wọ́n rí wọn gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àárín ọdún náà, àwọn tó ń fọ́ páìpù epo ní inú omi ẹ̀yìn Ìṣáwo àti Arepo ń yìnbọn fún ará àdúgbò, àwọn onílé ń sá fi ilé sílẹ̀, kí ọkọ̀ òfurufú ológun tó wá ju bọ́ǹbù sí ibùba wọn. Oṣù Karùn-ún 2017, ọmọkùnrin mẹ́fà ní Igbónla lọ́nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n lò ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lọ́wọ́ ajínigbé. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe Ìkòròdú, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Ìbàdàn, "apá ibẹ̀ yẹn" ni gbogbo rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ iléèwé ọmọ yín bá ń kọ yín lóminú, bọ́ọ̀dìn ni iléèwé méjèèjì yẹn, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n sì gbà wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń lọ tó ń bọ̀ nítòsí ilé kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ wá gbọ́ òdìkejì rẹ̀. Oṣù Kẹrin 2020, ìjọba ti há wa mọ́lé nítorí kòrónà. Ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń pe ara wọn ní "One Million Boys" àti Àwáwà ń bọ̀ láti òpópónà dé òpópónà, pé wọ́n ń kọ lẹ́tà ṣáájú. Olè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ láwọn ibì kan ní apá Agége. Ní òpópónà tiwa ní Ìtàmágà, òru mẹ́rin la fi ṣọ́nà. Ní nǹkan bí aago méjì òru kẹta, fóìsì kan wọ orí Wasáàpù àdúgbò: obìnrin kan ń sunkún, ó ní wọ́n ti wọ Àgric, pé wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgric lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e, mo ń gbọ́ ariwo pánù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra o! Wọ́n ní wọ́n ti wọ Ìtàmágà!" Kò sí ẹni tó wọ ibì kankan. Èrè kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni pé àárín òru mẹ́rin yẹn ni mo tó mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ilé kejì sí tèmi, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

Nítorí náà, tí fóìsì bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ béèrè: ta ló sọ ọ́, ní òpópónà wo, ní aago mélòó? Tí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá dáhùn pé "wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni," ẹ máa sùn.

Kí ló wá ń dá ẹ̀rù ojoojúmọ́ sílẹ̀, tí kì í ṣe ti ìròyìn? Mo bá ìyá kan tó ń gbé fùfú lọ sí Sábó rìn ní ìdájí ọjọ́ kan. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kò tíì lù. Mo rò pé ó máa sọ̀rọ̀ kòrópé tí a máa wọ̀, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ìtàn wọn-ṣáǹsì. Kò ká a lára, ó mọ dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ohun tó ká a lára ni ilé àkọ́kùsílẹ̀ kan tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ọ̀nà títì. Bí a ṣe sún mọ́ ọn, ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ó yí iná fóònù rẹ̀ sí ojú wíńdò tí kò ní ilẹ̀kùn, ó yára ẹsẹ̀. A kọjá tán, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà padà láti ibi tó ti dá a dúró gan-an, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo padà lọ ka ìṣísẹ̀ ibẹ̀ lọ́sàn-án: méjìléláàádọ́rùn-ún. Gbogbo "Ìkòròdú le" ti obìnrin yìí, inú ìṣísẹ̀ méjìléláàádọ́rùn-ún ló wà. Gílóòbù kan ṣoṣo ì bá tán an.

Géètì òpópónà ni àwọn onílé fi ń dáhùn irú ẹ̀rù yìí, mi ò sì bá wọn jà pátápátá. Àmọ́ géètì ní ìyà tirẹ̀. Mo mọ àdúgbò kan tí wọ́n ti géètì ní aago mẹ́wàá, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó kan rọbí ní aago kan òru. Ọkọ rẹ̀ lu géètì títí, ó pe fóònù títí, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti sùn, fóònù rẹ̀ wà nídìí ṣájà ní pálọ̀. Ìdí géètì yẹn ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá. A dúpẹ́ pé ìyá àti ọmọ wà láàyè. Kọ́kọ́rọ́ ti di mẹ́rin níbẹ̀ báyìí.

Ewu tí kì í bà wá lẹ́rù pọ̀, mo máa yára lórí ìyẹn. Ìjà ọmọ onílẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní etí ìlú bíi Gbẹrigbẹ àti Ìmọta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Èkó ti kà á léèwọ̀ láti 2016. Tí ọkọ yín bá fẹ́ ra ilé náà dípò kó háyà rẹ̀, kó wádìí ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa kó tó wádìí olè. Lílù tí ọkùnrin ń lu ìyàwó nínú yàrá, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ìwà ipá ìlú, bẹ́ẹ̀ Èkó ní àjọ tó dúró fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi nípa ilé yín: mi ò ní sọ pé ẹ má lọ, mi ò sì ní sọ pé ẹ lọ láìwo ibẹ̀. "Ìkòròdú" tóbi ju ohun tí ènìyàn lè dáhùn pé ó dáa tàbí kò dáa. Yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ gan-an, LCDA márùn-ún, ìyẹn àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ kéékèèké, ni wọ́n gé jáde lára rẹ̀. Òpópónà yín ni kí ẹ béèrè. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan ní aago márùn-ún ìdájí, nítorí ọ̀sán ni agẹ́ẹ̀ǹtì máa ń mú ènìyàn lọ. Ẹ wò ó bóyá irin wà lójú fèrèsé, bóyá sílíìnì ti wà, bóyá ilé tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ní ènìyàn nínú. Tí ilé àkọ́kùsílẹ̀ bá wà láàárín yín àti títì, ẹ béèrè ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ẹ béèrè iye owó ọdẹ, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, Neighbourhood Safety Corps, tí Èkó dá sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ní 2016, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń yí dé ibẹ̀ rárá. Ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti 767 sórí fóònù, kí ẹ sì rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nínú yàrá tí ẹ máa sùn, nítorí nọ́ńbà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ní ti ìyá yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ mú un dání lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì bá obìnrin tó ń ta àkàrà tàbí ẹja díndín ní ìkóríta tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dé ilé náà, kí ẹ ra nǹkan díẹ̀, kí ẹ sì bi í pé aago mélòó ló máa ń palẹ̀ mọ́. Tó bá ní aago mẹ́wàá, tàbí ìgbà tí àkàrà bá tán, ẹ sọ fún ọkọ yín kó san owó ilé. Tó bá ní kí ilẹ̀ tó ṣú ni, ẹ fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ bi í ìdí, ohun tó bá sọ ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ti ìyá yín, ti àbúrò yín, àti tèmi lọ.